Pákó Mẹ́rin ní Kúópíò

Adágún ti dì bí ọbẹ̀ àná
lọ́jọ́ tí Hílíkà to pákó mẹ́rin sórí tábìlì bàbá Élíjásì.
Èmi ni mò ń gbálẹ̀ níbẹ̀, n kò mọ nǹkan kan.
Ó fi oríkèé ìka kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan
bí ẹni tó ń béèrè bóyá onílé wà.

Sáànì ló kọ́kọ́ dáhùn.
Ohùn rẹ̀ mú bí ìgbà tí bàtà tẹ yìnyín fọ́,
ìlà ara rẹ̀ gùn, ó hàn, ó ń fọ́nnu.
Ṣùgbọ́n gbé e kọ́rùn fún wákàtí mẹ́ta kí o tó yìn ín.
“Ọ̀lẹ kì í bá sáànì rìn,” ni Élíjásì wí,
ó sì fa ẹ̀wù kúrò léjìká kí a lè rí àpá ìgbànú gìtá.

Máhógánì jókòó bí àgbà tó jẹun yó.
Ẹbí òun àti ọ̀gànwó ni, pupa wọn jọra.
Ó wọ ọkọ̀ ojú omi, ó gba ìwé àṣẹ, ó jẹ owó
kó tó dé ilẹ̀ òtútù yìí.
Kàn án: á dúró díẹ̀ kó tó fọhùn,
ohùn ìsàlẹ̀ ikùn,
ohùn ẹni tí kò ní í tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ.
Àwọn oníbàárà fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n fẹ́ràn orúkọ rẹ̀ jù ú lọ.

Kóífù funfun, ó le. Ayùn méjì ti kú sí i lára.
“Fi ṣe ọrùn,” ni bàbá wí. “Ọrùn ló yẹ agídí.”
Hílíkà kò dáhùn. Agídí pàdé agídí.

Ó wá ku lẹ́pà,
igi etí omi tí ẹnikẹ́ni kì í gbìn.
Èéfín rẹ̀ ni wọ́n fi ń yan ẹja;
wọ́n ń fi ṣe ìjókòó nínú ilé ooru
nítorí kì í jó èèyàn nídìí.
Bí ayùn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ là á, funfun ni;
mójú kúrò, kí o tún wò ó, ó ti pọ́n
bí ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ láàrin èrò.
Èyí kò pọ́n mọ́. Òógùn ti pa á láwọ̀ dà.
Inú ilé ooru Lẹ́mpì, ìyá ìyá Hílíkà, ni wọ́n ti tú u
nígbà tí wọ́n ta ilé náà.
Orí pákó yẹn ni wọ́n bí ìyá rẹ̀ sí.
Ó kàn án. Ó dún, kò ga, kò rẹlẹ̀.
Ó kàn án lẹ́ẹ̀kan sí i, n kò mọ ìdí.

Oṣù mẹ́rin kọjá, pákó di gìtá.
Fóítò oníṣẹ́ iná wọlé, ó ń rẹ́rìn-ín:
“Òòfà ló ń gbọ́ okùn. Igi ò gbọ́ nǹkan kan.
Ẹ kọjú sógiri, ká wò ó.”
Okùn kan náà, òòfà kan náà, ẹ̀rọ gbohùngbohùn kan náà.
Élíjásì ń ta á lẹ́yìn wa,
ó ń gbé ọ̀kan sílẹ̀, ó ń mú òmíràn.

Mo pe sáànì ní máhógánì.
Fóítò fúnra rẹ̀ pe kóífù ní sáànì, ó bú sẹ́rìn-ín.
Hílíkà ṣì mẹ́ta. Ìkẹrin kò tíì dún tán
tó fi ní, “Lẹ́pà.”
“Etí rẹ mú o!”
“Kì í ṣe etí.” Kò tíì yíjú padà.
“Bàbá, ẹ ju àwọn yòókù sórí tábìlì.
Èyí nìkan lẹ wá ibi tó rọ̀ gbé e lé tẹ́lẹ̀.”

Fóítò pa ẹ̀rọ.
Mo mú ìgbálẹ̀. Iyẹ̀ igi wà lábẹ́ tábìlì,
oríṣi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti pò pọ̀,
n kò sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀ mọ́.